Ẹ Má Tètè Sọ Kọ̀ǹpútà Yín Nù

Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Windows ni ó wọ́pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú tí ó ń ṣe déédéé fún Windows 10. Láìsí ìtọ́jú yìí, ọ̀nà lè ṣí fún olè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra Mac, tí àwọn mìíràn sì ń fi Linux Mint, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, sínú èyí tí wọ́n ti ní.

Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà àti ìṣirò owó ọjà nìkan ni ẹ ń fi tiyín ṣe, Linux yóò tó yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ibi iṣẹ́ yín ń lò, nítorí kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ Windows ni ó bá a mu.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣe àdàkọ àwòrán àwọn ọmọ yín sí ibòmíràn, nítorí ètò tuntun lè pa gbogbo wọn rẹ́. Ẹni tí yóò fọ ìkòkò a kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ inú rẹ̀ sínú àwo.