Kí ìjọba fi fóònù bá àwọn tó sanra sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì nírọ̀lẹ́ kò ní ṣàì gbọ́ ìpolówó tíì tó ń fa ikùn wọlé àti àgbo tí wọ́n ní ọjọ́ méje péré ló fi ń yọ ọ̀rá. Ìpolówó ọ̀hún ti wọ orí WhatsApp báyìí. Ohun tó ń dùn wá ni pé fóònù tí wọ́n fi ń tan àwọn èèyàn wa jẹ yìí kan náà ló yẹ kó máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ara sísanra ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé lọ́dún 2022, ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́jọ láyé ló sanra débi tó ti di àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló sì sábà máa ń bá a rìn. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá yọ ikùn, a ó ní ayé yẹ ẹ́. Bó bá rù, a ó bi í pé kí ló ń ṣe é. Ìyá ọlọ́jà tó jókòó ti igbá rẹ̀ l'Óṣòdì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún jókòó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tó wá jẹ ẹ̀bà láago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà wo ni yóò rìn?

Lóòótọ́, ètò wà lórí fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀, tó sì ń ṣírò oúnjẹ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, wọ́n sì mọ búrẹ́dì ju ẹ̀bà lọ. Fóònù tí ìyá náà gbé sórí àpótí kò kúkú lè ka ìṣísẹ̀ kankan.

Lọ́dún 2014, orílẹ̀-èdè Senegal fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lásìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì, lórí bí wọ́n ṣe máa jẹun. WHO ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó o.

A fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà wà n'Ísọlọ̀. Kí wọ́n gba nọ́ńbà ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n máa pè é lédè Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: kí ló jẹ, ṣé ó rìn, ìgbà wo ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò kẹ́yìn? Kí nọ́ọ̀sì wà tó ṣeé pè padà. Kí nọ́ńbà wọn má sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn onítíì! Ní ti owó, òfin ìṣúná ọdún 2021 bu N10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lábúlé, tọ́mọ yín ń gbé l'Óṣòdì, ẹ ní kó fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí rẹ̀. Bó bá kọjá bí ínṣì 37 fún ọkùnrin, tàbí bí 32 fún obìnrin, kó lọ rí dókítà.