Ẹ Dá Orúkọ Huizhou Padà

Ní ọdún 1987, ìjọba Ṣáínà mú orúkọ Huizhou kúrò lórí agbègbè kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Anhui, wọ́n sì fi orúkọ òkè Huangshan rọ́pò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: òkè náà lókìkí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń rọ́ wá wò ó. Lójú tèmi, ọjà tí wọ́n tà yẹn, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á.

Ọdún 1121 ni ìjọba àwọn ọba Song sọ ibẹ̀ ní Huizhou, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ọ̀tẹ̀ Fang La. Láyé àwọn ọba Ming àti Qing, ó jẹ́ "fu", ìyẹn ẹkùn tó wà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀: She, Yi, Xiuning, Wuyuan, Qimen àti Jixi. Òkè ló pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ oko kò tó, ni àwọn ọmọkùnrin wọn bá ń gba ìdálẹ̀ lọ láti ṣòwò iyọ̀, tíì àti gẹdú. Owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé tí ayé ń wò lónìí ní Xidi àti Hongcun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2000. Kódà, "hui" tó wà nínú Anhui, láti ara Huizhou ni wọ́n ti yọ ọ́!

Ẹnìkan lè ní ṣebí Shezhou ni ibẹ̀ ń jẹ́ ṣáájú 1121. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún tí wọ́n fi jẹ́ Huizhou, orúkọ yẹn sì ni àwọn oníṣòwò wọn gbé káàkiri. Wọ́n ṣẹ́ ẹ kù fún àdúgbò kan nínú ìlú Huangshan, bí ẹni fi eegun tu ajá lójú.

Orúkọ tuntun náà kò tilẹ̀ ran àlejò lọ́wọ́. Òkè ń jẹ́ Huangshan, ìlú ń jẹ́ Huangshan, àdúgbò kan nínú ìlú náà tún ń jẹ́ Huangshan. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Tunxi, àárín ìlú Huangshan, ṣì ní ju kìlómítà 50 lọ láti rìn kó tó dé òkè tó tìtorí ẹ̀ wá.

Jixi ti bọ́ sábẹ́ Xuancheng. Wuyuan náà, wọ́n gbé e fún ìpínlẹ̀ Jiangxi ní 1934, àwọn ará ibẹ̀ jà títí wọ́n fi dá a padà ní 1947, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ó tún lọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tún ààlà fà. Orúkọ nìkan ni mò ń bèèrè.