Kí Òfì Àwọn Ìyá Wa Má Dákẹ́



L'Ọ̀wọ̀ níbí, obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró. Aṣọ iyì bíi sẹ́gọ̀sẹn kì í ṣe aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ti ń dàgbà, àwọn ọmọ sì ń sá fún un. Wọ́n ní kò mówó wá. Wọn ò purọ́: ẹni tó bá ń ra òwú ní ẹyọ-ẹyọ, olówùú ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo Òṣogbo. Ní 1983 ni Ìyá Nike Davies-Okundaye dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, àrà tuntun ni wọ́n ń fi í dá, àwọn ará òkè òkun sì ń rà á.

Àbá tiwa nìyí. Kí ẹgbẹ́ ra òwú lápapọ̀, kí á yá àwọn ahunṣọ, kí wọ́n san án tí aṣọ bá tà. Kí ìyá tó mọṣẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí á fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn télọ̀ náà má da àjákù aṣọ nù mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Àwọn tó ń rán ẹ̀kú egúngún ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́.

Àwọn kan á ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa dá owó oṣù? Ẹ mú èrò yín wá sípàdé.