Ẹ má dúró de Kérésì kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí abà

Tẹ́ ẹ bá wo fóònù yín lásìkò ọdún Àjíǹde, ẹ ò ní ṣàì rí fọ́tò Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ọ̀dọ́ á gun àtẹ̀gùn 660 tó wà níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àpáta lẹ́yìn wọn, wọ́n á sì gbé e sórí Instagram. Èmi náà ti ṣe é rí. Ohun tí fọ́tò yẹn kì í fi hàn ni àwọn abà kéékèèké tó wà nínú igbó kòkó lẹ́yìn àpáta, níbi tí oúnjẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lásìkò yẹn gan-an.

Ìyá mi àgbà ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn abà náà. Lóṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, mo pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ṣé ẹ ti jẹun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A máa jẹ tó bá dalẹ́, ọmọ mi." Aago méjì ọ̀sán la wà nígbà yẹn o. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí àgbàdo nílé ni. Wọ́n ní ó ku díẹ̀, àmọ́ irúgbìn ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò bàbá mi sọ fún mi pé wọ́n ti se irúgbìn náà jẹ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé lóṣù Kejìlá tó ṣáájú rẹ̀, gbogbo àwa ọmọ tó wà nígboro la fi owó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n ra ìrẹsì, wọ́n dá aṣọ. Bẹ́ẹ̀ lóṣù Kejìlá, oúnjẹ wà nílé: kòkó ti di owó, iṣu ṣì wà nínú àká. Ìgbà tí wọn ò nílò wa tó bẹ́ẹ̀ la rántí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọdún ṣe ń lọ ní abà, torí kò jọ ti Èkó. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni kòkó máa ń pọ̀ jù. Owó ń wọlé nígbà yẹn, àmọ́ gbèsè, owó ilé ìwé, ìnáwó òkú àti ọdún ti ń dúró dè é. Tó bá fi máa di oṣù Kẹta tí òjò bẹ̀rẹ̀, owó ti lọ, iṣu náà ti ń tán. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ oko le jù: ebè kíkọ, gbígbìn, ríro. Àgbàdo tuntun ò ní í dé títí di oṣù Kẹfà, iṣu tuntun ò sì ní í dé títí di oṣù Keje tàbí Kẹjọ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó wà láàárín yẹn ni ìgbà ọ̀wọ́n. Ìgbà tó yẹ kéèyàn jẹun yó ṣiṣẹ́ ni kò sóńjẹ.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ oko Yorùbá? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àárín òkè tún ń fi kún un. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà. Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni ará Ìdànrè ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọjà àti ọ́fíìsì ìjọba wà báyìí. Oko àti abà ṣì wà lẹ́yìn àpáta àti odò. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ọkọ̀ ò ní í lè wọ abà wa mọ́, ọ̀kadà nìkan ló kù, ọlọ́kadà á sì pe iye tó bá wù ú. Orí kóńgò gàrí tí ìyá mi àgbà ń rà ni owó yẹn máa ń já sí.

Èkejì ni oòrùn. Iṣu tí wọn ò bá sọ di èlùbọ́ nígbà ọyẹ́, agbára káká ni wọ́n fi máa rí oòrùn sá a tí òjò bá dé. Ẹ̀kẹta ni kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo àti ẹ̀wà. Torí náà, nígbà ìkórè, kíá ni wọ́n á ta àgbàdo wọn lówó pọ́ọ́kú kó má bàa bàjẹ́. Tó bá doṣù Karùn-ún, wọ́n á ra irú àgbàdo yẹn padà ní ọ̀wọ́n. Ẹni tó gbin oúnjẹ ló wá ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí ò gbin nǹkan kan.

Ta ló máa ń wá ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà náà? Ẹni tó ń ra kòkó ni. Á yá wọn lówó lóṣù Karùn-ún, wọ́n á sì fi kòkó tí ò tíì pọ́n dúró. Tó bá doṣù Kẹwàá, kòkó ti di ti ẹlòmíì lórí igi. Lọ́dún 2024, iye owó kòkó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, a sì ń sọ nígboro pé àwọn àgbẹ̀ kòkó ti di olówó. Àwọn kan rí ṣe lóòótọ́. Ẹni tó ti gba owó sílẹ̀ nígbà ebi ńkọ́? Mi ò sọ pé kí wọ́n dá àjọ ìjọba tó ń ra kòkó tẹ́lẹ̀ padà, èyí tí wọ́n tú ká lọ́dún 1986. Àjọ yẹn náà kì í san iye tó yẹ fún àgbẹ̀. Àmọ́ títí dòní, ẹni tó bá nílò owó lóṣù Karùn-ún ní abà wa, ọ̀dọ̀ olówó kòkó náà ló ṣì ń lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó máa ń bi mí pé, "Kí ló dé tí wọn ò gbin oúnjẹ?" Wọ́n ń gbìn ín. Tí kòkó bá ṣì kéré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni wọ́n máa ń gbìn sáàárín rẹ̀, ìdílé sì máa ń rí i jẹ. Àmọ́ tí igi kòkó bá ti dàgbà, ewé wọn á pàdé lókè, oòrùn ò ní í dé ilẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ mìíì fún oúnjẹ, ilẹ̀ tó ṣeé ro láàárín àpáta ò sì pọ̀.

Lọ́jọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí tí ìjọba àtàwọn àjọ àgbáyé jọ ṣe sọ tẹ́lẹ̀ pé ebi lè pa èèyàn mílíọ̀nù 33.1 láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ẹ wo oṣù tí wọ́n dárúkọ dáadáa. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà mọ̀ pé ebi ní àsìkò tiẹ̀. Ìrànwọ́ wa ni ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe ìgbà ìdìbò àti ìgbà ọdún la máa ń rí ìrẹsì àwọn olóṣèlú?

Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí àwọn alága wa wá tún ọ̀nà abà ṣe lóṣù Kejì kí òjò tó dé. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà lábà rí owó yá àwọn èèyàn wọn lóṣù Kẹrin, kí wọ́n sì san án tí kòkó bá dé.

Àmọ́ àwa náà ò gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ gbera. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, mo pín owó Kérésì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí méjì, mo sì tọ́jú ìdajì. Mo tún ra àpò mẹ́wàá lára èyí tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá dì í le, afẹ́fẹ́ ò ní í wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á sì kú láìlo oògùn kankan. Torí ẹ̀wà ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue l'Amẹ́ríkà ṣe kọ́kọ́ ṣe é, àmọ́ ó dáa fún àgbàdo náà, kó ṣáà ti gbẹ dáadáa.

Nígbà tí Màmá tú àpò àkọ́kọ́ lóṣù Kẹrin ọdún yìí, kòkòrò ò tíì kan àgbàdo inú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, gbogbo rẹ̀ ò tó wọn. Ó gbé wọn dé àárín oṣù Karùn-ún. Ìdajì owó tí mo tọ́jú ni mo fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, òun ló gbé wọn dé àgbàdo tuntun. Wọ́n gbin irúgbìn wọn lásìkò, wọn ò sì yáwó lórí kòkó lọ́dún yìí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ pe àwọn èèyàn yín lóko lónìí. Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé ṣé àlàáfíà ni, torí wọ́n máa ní àlàáfíà ni. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀.