Ọtí Tó Le Jù Kọ́ Ló Dára Jù

Irọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ bíà ilé mọ́ńkì ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ti sọ di òfin: bí ọtí bá ṣe le tó, bó bá ṣe dúdú tó, bó bá ṣe ṣòroó rí rà tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dára tó. Ẹ yẹ ìwé máàkì wọn wò, ẹ ó rí i. Òkè téńté ni àwọn ọtí dúdú tí agbára wọn ju 10% lọ máa ń wà. Àwọn tí agbára wọn kò tó 7% á wà nísàlẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n. Mo ta ko òfin yìí tọkàntọkàn, torí pé ó ń rẹ́ àwọn ọtí tó dáńtọ́ jẹ, ó sì ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Westvleteren 12 bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi jọba. Àwọn mọ́ńkì Trappist ti Sint-Sixtus ló ń pọn ọ́n, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Flanders. Agbára rẹ̀ jẹ́ 10.2%. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgò rẹ̀ kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ọmọrí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, yẹ́lò fún 12, búlúù fún 8, àwọ̀ ewé fún Blond. Lọ́dún 2005, àwọn tó ń fún bíà ní máàkì lórí ìkànnì RateBeer gbé e sí ipò kìn-ín-ní lágbàáyé. Ìròyìn tàn, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú ọ̀nà ilé àdúrà náà, ọtí sì tán. Àwọn mọ́ńkì kò torí ẹ̀ sọ ibẹ̀ di ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ní ọtí ni àwọn fi ń gbọ́ bùkátà ilé àdúrà, pé àwọn kò jẹ́jẹ̀ẹ́ nítorí ọtí. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago, kó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kó wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un.

Ṣé ẹni tó ti la gbogbo ìyẹn kọjá á wá fún ọtí náà ní 6 nínú 10? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kó tó ṣí ìgò ló ti dájọ́. Làálàá tó ṣe ló ń fún ní máàkì. Lọ́dún 2012, nígbà tí wọ́n kó díẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti fi wá owó tí wọ́n máa fi tún ilé wọn kọ́, ìgò 6 àti gíláàsì 2 inú páálí kan ń lọ ní bíi dọ́là 85, àwọn èèyàn sì ń dù ú.

Ẹ wá wo abúlé Watou, tí kò jìnnà síbẹ̀. Lọ́dún 1946, ilé mọ́ńkì Sint-Sixtus yọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ láti máa pọn ọtí tà lórúkọ wọn. Apọntí tó ti Westvleteren wá ló mú iṣẹ́ náà wá sọ́dọ̀ wọn. Àdéhùn yẹn wà fún ọdún 46, títí di 1992. Ilé-iṣẹ́ náà là ń pè ní St. Bernardus lónìí. Abt 12 rẹ̀, tó jẹ́ 10%, wà ní ṣọ́ọ̀bù ọtí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù, kò sẹ́ni tó ń tẹ ẹnikẹ́ni láago kó tó rí i rà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọtí méjèèjì, mi ò jiyàn. Íìsì wọn kò rí bákan náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ bo ìgò méjèèjì, kí ẹ bù ú fún àwọn tó ń pariwo pé ọ̀kan ju èkejì lọ fíìfíì, kí ẹ wo iye wọn tó máa lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nọ́ńbà ara ìgò náà wà lára ohun tó ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó rí 6, 8 àti 10 lára ìgò Rochefort á rò pé ipò ni, tàbí agbára ọtí. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwọ̀n àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ṣúgà inú omi mọ́ọ̀tì ṣe pọ̀ tó kí íìsì tó bọ́ sí i. Rochefort 6 jẹ́ 7.5%, 8 jẹ́ 9.2%, 10 jẹ́ 11.3%.

Ibi tí irọ́ yìí ti ń rí okun gbà jù ni orí tábìlì tí wọ́n ti ń tọ́ ọtí wò. Wọ́n á to ìgò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n á bu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu méjì péré, wọ́n á kọ máàkì, ó di òmíràn. Lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ọtí tó dùn tó sì le ni yóò máa borí. Ṣúgà tí wọ́n sè títí tó fi dúdú máa ń fún un ní òórùn èso àjàrà gbígbẹ. Agbára ọtí á gbé òórùn yẹn wá sí imú kíá, ahọ́n á sì yó. Bí ọtí 6% bá tẹ̀ lé e, bí omi lásán ni yóò rí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ọtí yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu méjì kò sì lè sọ bí ìgò kan yóò ṣe rí títí dé ìsàlẹ̀. Ọtí tó wu ni gan-an ní ẹnu àkọ́kọ́ lè sú ni kó tó dé ìdajì.

Nínú àwọn ọtí líle pàápàá, líle yẹn kọ́ ni iyì wọn. Westmalle Tripel jẹ́ 9.5%. Ọdún 1934 ni wọ́n kọ́kọ́ pọn irú rẹ̀, 1956 ni wọ́n sì tún ọ̀nà pípọn rẹ̀ ṣe di èyí tí a mọ̀. Àwọ̀ wúrà ló ní, ó gbẹ lẹ́nu, kì í lẹ̀ mọ́ ahọ́n, hópù rẹ̀ korò níwọ̀nba. Ọgbọ́n apọntí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń mu ún kì í tètè fura pé ó le tó bẹ́ẹ̀.

Orval ni mo fẹ́ dúró lé lórí dáadáa, torí òun ni wọ́n rẹ́ jẹ jù. Gúúsù Bẹ́ljíọ̀m ló wà; ọdún 1931 ni wọ́n dá ilé ìpọntí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè rówó tún ilé mọ́ńkì tó ti di àlàpà kọ́. Ọtí kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà káàkiri, 6.2%, nínú ìgò tó tóbi nídìí tó sì tín-ín-rín lọ́rùn. Lẹ́yìn tí ọtí bá ti pọn, wọ́n á tún rẹ hópù sínú rẹ̀ láìsè é, wọ́n á sì fi íìsì kan tó ń jẹ́ Brettanomyces sí i. Íìsì yìí kì í kánjú. Ṣúgà tí íìsì àkọ́kọ́ kò lè jẹ lòun ń jẹ, á sì máa jẹ ẹ́ lọ nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ ṣí Orval tí kò tíì ju oṣù méjì lọ: òórùn òdòdó àti èèpo ọsàn ni yóò kọ́kọ́ kan imú yín, ìkorò rẹ̀ mú lọ́fun, ìhó funfun rẹ̀ ga lórí ife. Ẹ wá ṣí èyí tó ti pé ọdún kan: hópù ti rẹlẹ̀, ìkorò ti rọ̀, òórùn awọ àti koríko gbígbẹ ti gbapò, ọtí náà túbọ̀ gbẹ lẹ́nu, agbára rẹ̀ pàápàá ti gòkè díẹ̀. Ẹni tó mọ ẹmu kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí: ẹmu àárọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu alẹ́, kò sì sí ọ̀mu kan tó máa fi ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́. Àwọn ilé ọtí kan wà ní Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n á ti bi yín bóyá tuntun lẹ fẹ́ tàbí èyí tó ti pẹ́. Ẹni tó wá fún Orval ní 7, tó sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, Orval wo ló mu?

Àwọn kan á ní àwọn kì í wo agbára, pé àmì onígun mẹ́fà ti Trappist ni àwọn ń wò. Mo bọ̀wọ̀ fún àmì yẹn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 ló ń fún ni, ó sì ń jẹ́rìí sí ibi tí wọ́n ti pọn ọtí, sí àbójútó àwọn mọ́ńkì, àti pé ìtọ́jú wọn àti iṣẹ́ àánú ni èrè rẹ̀ ń bá lọ. Kò jẹ́rìí sí adùn. Lọ́dún 2021, ilé ìpọntí Achel pàdánù àmì náà torí pé kò sí mọ́ńkì tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ọtí inú ìgò kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Ti Leffe kò tiẹ̀ gba àsọjù: orúkọ ilé mọ́ńkì ló ń jẹ́, ilé-iṣẹ́ AB InBev ló ń pọn ọ́n, ní Leuven.

Ọtí wo wá ni àwọn mọ́ńkì fúnra wọn ń mu? Ní Westmalle, Extra ni, tí agbára rẹ̀ kò tó 5%. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò tà á fún gbogbo ayé. Chimay Dorée, 4.8%, orí tábìlì wọn lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Orval ní tiwọn tó fúyẹ́ ju èyí tí à ń rà lọ. Àwọn tó mọ ọtí ńlá yìí pọn jù láyé ló yan kékeré fún ara wọn, ó sì yẹ kí ìyẹn mú wa ronú. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ṣòroó pọn dáadáa. Bí mọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ní àbùkù, tàbí íìsì rẹ̀ kò ṣe déédéé, kò sí adùn ṣúgà tàbí oró ọtí tó máa bò ó. Ẹni tó ń mu ún á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tó ń fúnni ní máàkì kò pọ̀. Ẹ mu ìgò kan tán kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí ọtí bá pọ̀ lórí tábìlì, kí kékeré ṣáájú ńlá. Ẹ má bù ú mu bó ṣe ń ti inú fìríìjì jáde, torí òtútù á ti pa ìdajì òórùn rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n rọ ọtí náà sínú ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì yín. Orval ti tẹ ọjọ́ yẹn sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kò sí àwáwí. Máàkì Orval tí kò bá ní ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò gbà á lẹ́rìí.