Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kéú Mọ Igbó

Ẹ̀yin òbí wa, àwọn kan nínú yín ń sọ pé kí ni ọmọ kéú ń wá nínú igbó. A kò fara mọ́ ọn. Mùsùlùmí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Shafi Lawal Edu, tó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ yìí ló ń tọ́jú igbó Lẹ́kí, hẹ́kítà 78, láti 1990. Ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi yanrìn dí ọ̀pọ̀ àbàtà láti Lẹ́kí dé Ajah.

Kí àwọn ọmọ wa má kàn lọ gun afárá orí igi, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n padà. Kí wọ́n lọ yọ̀ǹda ara wọn: kí wọ́n ṣa ọ̀rá kúrò nílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ipasẹ̀ ẹran, orúkọ igi, àti bí a ṣe ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú igbó (iṣẹ́ ńlá ni fún ọmọ ọdún mẹ́wàá!). A fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ilé-kéú wa kọ̀wé sí wọn kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé.