Ẹ yọ ẹ̀pà ọmọ sọ́tọ̀ kí alágbàtà tó dé



Bí a bá ti hú ẹ̀pà tán, àwọn alágbàtà á gbé àpò dé. A ò ní kí ẹ má tà. Owó ilé ìwé wà ńbẹ̀, owó oògùn náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá wọkọ̀ lọ, kí ló kù fún ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀?

Ẹ̀kọ àgbàdo lásán ń yó ọmọ, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó. Ikùn ọmọ kéré, kò lè gba púpọ̀. Ẹ̀pà ló lè fi agbára kún un: nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà gbígbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 tó jẹ́ òróró, bíi 25 sì jẹ́ èyí tí ń mú ara dàgbà.

Àwọn kan gbọ́ pé ọ̀rá ń ba ọkàn jẹ́, wọ́n wá ń sá fún ẹ̀pà. Ọ̀rá ò rí bákan náà o! Èyí tó pọ̀ jù nínú òróró ẹ̀pà jẹ́ irú tó dára fún ọkàn àgbà, ọpọlọ ọmọ náà sì nílò ọ̀rá. Ẹ má sì sọ pé kúlíkúlí ti tó: wọ́n ti fún òróró kúrò lára rẹ̀.

Ohun tó ń dùn wá jù rèé: èyí tí alágbàtà bá ṣà tì, tó ti hu èébu, òun làwọn kan ń lọ̀ fún ọmọ. Májèlé inú èébu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í pa á tán. Ẹ dà á nù.

Bọ́mọ bá ti pé oṣù 6, ẹ yan ẹ̀pà tó dáa, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kẹ́ ẹ po ṣíbí kan mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ lẹ́nu. Bí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà odidi, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin lẹ ń bá alágbàtà nájà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìyá ọmọ nìkan. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù sọ iye agolo ẹ̀pà dídára tí yóò yọ sọ́tọ̀. Ti ọmọ lákọ̀ọ́kọ́, ká tó ta ìyókù.